Igi Tó ń Tanná Tí Kò So: Bí Ẹ Ṣe Lè Mọ Irú Àgàn Tó ń Ṣe Irè Oko Yín

Nínú oko obì ẹ̀gbọ́n bàbá mi, lẹ́bàá Ṣàgámù, igi gbàǹja kan wà tí gbogbo ilé ń pè ní Àgàn. Ọdọọdún ló máa ń tanná débi pé òdòdó á bo ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀, síbẹ̀ kì í so ju èso méjì sí mẹ́ta lọ. Nígbà tó yá, wọ́n gé e. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, igi mẹ́rin tó yí i ká, tí wọn kì í já wa kulẹ̀ tẹ́lẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í da òdòdó sílẹ̀ láìso. Ẹnì kankan ò so ọ̀rọ̀ méjèèjì mọ́ra. Èmi náà ti dàgbà, mo ti kọ́ bí ewéko ṣe ń bímọ, kó tó yé mi pé igi tí a gé yẹn ni ọkọ àwọn tó kù.

Nítorí irú àáké bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń kọ èyí. Orúkọ kan ṣoṣo, àgàn, la fi ń pe é, ṣùgbọ́n ó kéré tán, oríṣi márùn-ún ló wà lóko. Irè oko kan lè jẹ́ akọ pọ́ńbélé, kó má sì ní ibi tí yóò gbé ọmọ sí. Òmíràn ní akọ, ó ní abo, àmọ́ àtíkè inú akọ rẹ̀ ti kú. (Ìyẹ̀fun tí kòkòrò àti atẹ́gùn ń gbé láti òdòdó dé òdòdó ni mò ń pè ní àtíkè.) Òmíràn wà tí ara rẹ̀ dá ṣáká, tó kàn kọ̀ láti fẹ́ ara rẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ní tirẹ̀ kò lè pín ẹrù àbùdá rẹ̀ sí méjì dọ́gba. Oòrùn àti ọ̀dá sì lè sọ èyí tí kò ní àléébù kankan di àgàn fún sáà kan. Oògùn ọ̀kan kì í ran èkejì. Ẹ tẹ̀ lé ìgbésẹ̀ wọ̀nyí bí mo ṣe tò wọ́n, torí èyí tó rọrùn jù ló ṣáájú.

Ẹ wá awò tó ń mú nǹkan tóbi, irú èyí tí àwọn tó ń tún aago ṣe ń lò, abẹ tuntun kan, òwú aláwọ̀ mẹ́rin, àpò bébà kéékèèké, aṣọ dúdú kan àti ìwé tí ẹ ó máa kọ nǹkan sí. Ìwé yẹn ṣe pàtàkì ju awò lọ.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ bi oko léèrè kí ẹ tó bi igi

Ẹ wò ó bóyá ọ̀kan ni tàbí gbogbo wọn. Bí gbogbo àgbàdo inú oko bá yọ ọmọ tí hóró rẹ̀ kò pé, tí ti aládùúgbò náà sì rí bẹ́ẹ̀, ojú ọjọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Bí ó bá jẹ́ igi kan láàárín ogún tí ọjọ́ orí wọn dọ́gba, tí ilẹ̀ wọn bára mu, ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ ń lọ sí ọ̀dọ̀ àbùdá.

Àgbàdo máa ń sọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ kedere fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà. Òdòdó akọ ló wà lórí, abo ló wà ní ẹ̀gbẹ́, fọ́nrán irun kọ̀ọ̀kan tí ẹ sì ń rí lẹ́nu ọmọ àgbàdo ló lọ bá hóró kan ṣoṣo nínú. Ibi tí hóró kò bá sí lára ṣùkù, fọ́nrán kan ni kò rí àtíkè gbà níbẹ̀. Bí ọ̀dá bá mú un nígbà tó fẹ́ yọ irun, irun á pẹ́ kó tó jáde. Akọ orí kò sì ní dúró dè é, á ti da àtíkè rẹ̀ sílẹ̀ láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan. Àtúnṣe rẹ̀ kò ju pé kí ẹ pín ọjọ́ ìgbìn sí méjì tàbí mẹ́ta lọ. Bí oko bá kéré, ìlà kúkúrú mẹ́rin ẹ̀gbẹ́ ara wọn dára ju ìlà gígùn kan lọ, torí atẹ́gùn ló ń ru àtíkè náà.

Tòmátò máa ń jìyà ooru ju bí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ṣe rò lọ. Bí ọ̀sán bá ń kọjá nǹkan bí 32°C lójoojúmọ́, tí òru kò sì tutù, àtíkè rẹ̀ á máa kú nínú òdòdó, òdòdó á sì máa já láti ọrùn. Ẹ má ṣe da irúgbìn náà nù. Ẹ tún un gbìn lákòókò tó tutù díẹ̀, ẹ ó rí i pé kò ṣàìsàn.

Ní ti kòkó, ẹ ka ọjọ́. Òdòdó tó bá já ní ọjọ́ kìíní tàbí ọjọ́ kejì tó là kò rí àtíkè gbà rárá. Èyí tó bá dúró dé nǹkan bí ọjọ́ kẹta kó tó já, àtíkè dé ibẹ̀, igi ló kọ̀ ọ́. Kòkó wẹ́wẹ́ tó bá pọ́n, tó dúdú, tó sì gbẹ mọ́ igi láìjá, ti lóyún tán: igi ló dín ẹrù ara rẹ̀ kù torí oúnjẹ kò tó. Ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ rèé tí à ń pè ní "kòkó ò so lọ́dún yìí".

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ la òdòdó náà

Ẹ fi abẹ pín in sí méjì láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ wá ilé-ọmọ, ìyẹn ibi tó wú díẹ̀ nísàlẹ̀, tí ẹyin kéékèèké tò sínú rẹ̀. Ẹ wá orí akọ tí àtíkè wà nínú rẹ̀. Bí ọ̀kan kò bá sí, ẹ ti rí ìdáhùn yín.

Ìbẹ́pẹ la fi ń kọ́ èyí dáadáa. Akọ rẹ̀ máa ń fi òdòdó tẹ́ẹ́rẹ́ sórí ọ̀já gígùn tó ń rọ̀ wálẹ̀. Abo máa ń yọ òdòdó ńlá lẹ́bàá igi gan-an, pẹ̀lú ilé-ọmọ roboto. Ẹ̀kẹta wà tó jẹ́ akọ òun abo nínú òdòdó kan, èso rẹ̀ ló sì máa ń gùn, èyí tí ọjà fẹ́ràn. Ohun tó ń pín wọn ni oríṣi àmì mẹ́ta: X, Y ti akọ, àti Y kejì tó jẹ́ ti akọ-òun-abo. XX ni abo. X pẹ̀lú Y ti akọ ni akọ. X pẹ̀lú Y kejì ni akọ-òun-abo. Ọmọ tí Y méjì bá bọ́ sí lọ́wọ́ kì í yè. Inú irúgbìn ló ti ń kú. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bí ẹ bá gbin irúgbìn akọ-òun-abo tó fẹ́ ara rẹ̀, méjì nínú mẹ́ta ló máa ń jẹ́ akọ-òun-abo, ẹyọ kan á jẹ́ abo, kò sì ní sí akọ pọ́ńbélé kankan níbẹ̀. Ẹni tó bá ń mú irúgbìn láti inú èso abo tí akọ ìgbẹ́ fún lóyún, ìdajì oko rẹ̀ ni yóò jẹ́ akọ. Àwọn tí ń pariwo pé irúgbìn tí wọ́n rà kò dáa, ibí ni wàhálà ọ̀pọ̀ wọn ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ gbin mẹ́ta sí ihò kan. Nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ tanná, ẹ fi ẹyọ kan sílẹ̀, akọ-òun-abo bó bá ṣeé ṣe. Bó bá jẹ́ abo lẹ ní, ẹ fi akọ kan sílẹ̀ fún abo mẹ́wàá tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ṣàkíyèsí pé ooru ńlá lè mú kí akọ-òun-abo gbàgbé ẹ̀ka abo rẹ̀, kó máa yọ òdòdó tí kò ní ilé-ọmọ. Bí òjò bá dé, á padà. Mo ti rí ẹni tó gé irú rẹ̀ ní oṣù Ẹrẹ́nà, ó dùn mí.

Iṣu funfun náà ní akọ lọ́tọ̀, abo lọ́tọ̀, àwọn kan sì wà tí kì í tanná láyé wọn. Àwọn tó ka àbùdá iṣu náà rí i lọ́dún 2017 pé ọ̀dọ̀ abo ni àmì tó ń pín akọ àti abo wà, bí ó ṣe rí lára adìyẹ. Ẹni tó ń gbin ẹ̀bù kò nílò èyí. Ẹni tó bá fẹ́ mú irú tuntun jáde ló ń yọ lẹ́nu, torí ó lè dúró ti okùn iṣu kan títí ẹ̀ẹ̀rùn á fi dé kó tó mọ̀ pé akọ ni.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ yẹ àtíkè wò

Láàárọ̀, nígbà tí ìrì bá ti gbẹ, ẹ tẹ́ aṣọ dúdú sábẹ́ òdòdó orí àgbàdo, kí ẹ gbọ̀n ọ́n. Àtíkè tó yè á dà sórí aṣọ bí ìyẹ̀fun èlùbọ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kù. Bí orí akọ bá rọ, tí kò yọ síta, tàbí tó yọ síta tí kò sí ohunkóhun nínú rẹ̀, àgàn akọ nìyẹn. Bí ẹ bá mọ olùkọ́ kan tó ní maikirosíkóòpù níléèwé, ẹ fi àtíkè díẹ̀ sórí gíláàsì, kí ẹ kán áyódíìnì, oògùn ojú ọgbẹ́ tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísìtì, lé e. Àtíkè àgbàdo àti ti ìrẹsì máa ń kó ṣítáàṣì pamọ́. Èyí tó yè á yí dúdú, á sì rí roboto, èyí tó kú á pupa rúsúrúsú, á sún kì. Ẹ má fi èyí dán irè oko mìíràn wò láìmọ̀, torí àtíkè ọ̀pọ̀ ewéko ló jẹ́ pé epo ló ń kó pamọ́.

Ohun méjì ló ń bí àgàn akọ. Ti àkọ́kọ́ wá láti inú jíìnì, ìyẹn ẹ̀ka àbùdá tí bàbá àti ìyá jọ fún ọmọ. Ó sábà máa ń fara pamọ́, àfi bí ó bá wá láti ọwọ́ àwọn méjèèjì. Ti èkejì jẹ́ ogún ìyá. Nínú sẹ́ẹ̀lì gbogbo, àwọn yàrá wẹ́wẹ́ tí ara ewéko fi kọ́, ni mitokọ́ńdríà wà, ilé iná tó ń pèsè agbára, ó sì ní àbùdá tirẹ̀ lọ́tọ̀. Bàbá kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ fi í sílẹ̀ fún ọmọ. Inú ẹyin ìyá ló ti ń wá. Bí àléébù kan bá wọ ibẹ̀, ewé á dára, gbòǹgbò á dára, ilé-ọmọ á dára. Ìgbà tí sẹ́ẹ̀lì tó ń fún àtíkè lóúnjẹ bá nílò agbára púpọ̀ lójijì ni ilé iná náà á kọsẹ̀, àtíkè á sì kú sínú ilé. Gbogbo ọmọ irúgbìn bẹ́ẹ̀ ló máa rí bí ìyá wọn, ẹni yòówù tí ì báà jẹ́ bàbá, àfi tí bàbá bá ní jíìnì olùdápadà, èyí tó ń tún nǹkan náà ṣe.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra irúgbìn ìdàpọ̀ (háíbíríìdì, èyí tí irú méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fẹ́ra bí), inú àléébù yìí ni púpọ̀ nínú wọn ti jáde. Lọ́dún 1925, ní Davis ní ìpínlẹ̀ Kalifọ́níà, Henry Jones, onímọ̀ irúgbìn kan, rí àlùbọ́sà pupa kan tí kò so irúgbìn kankan, àmọ́ tó yọ àlùbọ́sà kéékèèké sórí ibi tí òdòdó wà. Kò fà á tu. Ó gbin àwọn kéékèèké yẹn, ó sì fi ọdún púpọ̀ wádìí wọn. Lọ́dún 1943 ni òun àti Clarke, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kọ bí ogún náà ṣe ń rìn jáde. Òdòdó àlùbọ́sà kéré débi pé kò sẹ́ni tó lè fi ọwọ́ yọ akọ inú wọn lọ́pọ̀lọpọ̀. Ewéko tí akọ rẹ̀ ti kú fúnra rẹ̀ gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ èèyàn: ẹ gbìn ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ irú mìíràn, gbogbo irúgbìn tó bá so, ìdàpọ̀ ni. Ní Ṣáínà, lọ́dún 1970, àwọn tó ń bá Yuan Longping, onímọ̀ ìrẹsì, ṣiṣẹ́ rí ìrẹsì ìgbẹ́ kan ní erékùṣù Hainan tí àtíkè rẹ̀ kò yè. Láti ara ẹyọ kan yẹn ni ìrẹsì ìdàpọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ó sì dé oko àgbẹ̀ lọ́dún 1976.

Ẹni tó bá fẹ́ máa ṣe irúgbìn bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìlà mẹ́ta. Ìlà ìyá tó yàgàn. Ìlà arákùnrin rẹ̀ tó bá a jọ nínú gbogbo nǹkan, àfi pé mitokọ́ńdríà tirẹ̀ dára. Òun lẹ ó máa fi fún ìyá lóyún kí ìran àgàn náà má baà kú. Ìlà kẹta ni ọkọ tó ní olùdápadà, tí ọmọ rẹ̀ á lè so lóko àgbẹ̀. Fún àlùbọ́sà, ẹ lè má nílò ìlà kẹta yẹn, torí ìdí rẹ̀ là ń jẹ, kì í ṣe irúgbìn rẹ̀. Ní ti àgbàdo àti ìrẹsì, bí olùdápadà kò bá sí, ọwọ́ òfo ni àgbẹ̀ yóò gbé délé.

Ewu wà níbẹ̀, ó sì yẹ kí ẹ mọ̀ ọ́n. Ní Amẹ́ríkà, irú ogún ìyá kan tí wọ́n rí ní Texas wọ inú nǹkan bí ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún àgbàdo ìdàpọ̀ wọn. Lọ́dún 1970, àrùn ewé kan dé tó jẹ́ pé májèlé rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ èròjà kan náà tó ń sọ àgbàdo yẹn di àgàn, á sì dá ihò sára mitokọ́ńdríà. Nǹkan bí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún àgbàdo orílẹ̀-èdè náà ló ṣòfò lọ́dún yẹn. Ìyá kan ṣoṣo ni wọ́n fi bí oko tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ń ta irúgbìn fún yín, ẹ má tijú láti bi í léèrè ibi tí ìyá rẹ̀ ti wá. Ẹ má sì tọ́jú hóró ìdàpọ̀ gbìn lọ́dún kejì: ìrísí wọn á tú ká, àwọn kan lára wọn sì lè yọ òdòdó tí kò ní àtíkè nítorí olùdápadà kò bọ́ sí wọn lọ́wọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Bí irúgbìn kò bá sí láyé, ẹ ka ìdì

Ẹ gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n ní ìbú. Àmì dúdú wẹ́wẹ́ tí ẹ rí láàárín ni ẹyin tí kò di ọmọ. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ inú igbó ilẹ̀ Éṣíà, baba ńlá rẹ̀, kún fún irúgbìn dúdú tó le bí òkúta.

Okùn tó ń gbé àbùdá nínú sẹ́ẹ̀lì là ń pè ní krómósómù. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ igbó ní ìdì méjì, ìdì kọ̀ọ̀kan jẹ́ 11, àpapọ̀ rẹ̀ 22. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ní ìdì mẹ́ta, 33: ìdì méjì láti ọ̀dọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ igbó tó ń jẹ́ Musa acuminata, ìdì kan láti ọ̀dọ̀ òmíràn tó ń jẹ́ Musa balbisiana. Nígbà tí ewéko bá fẹ́ ṣe àtíkè tàbí ẹyin, ó gbọ́dọ̀ pín ẹrù náà sí apá méjì. Ìdì méjì rọrùn láti pín. Ìdì mẹ́ta ńkọ́? Nínú oríṣi okùn 11 náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan á fi ẹyọ kan sí apá kan, á fi méjì sí apá kejì, láìfọ̀rọ̀ lọ oríṣi tó kù. Kí apá kan tó lè gba ẹyọ kan lára gbogbo wọn, tàbí méjì-méjì lára gbogbo wọn, ó dà bí ìgbà tí ẹ ju kọ́ìnì kan lẹ́ẹ̀mọ́kànlá, tó sì fi ojú kan náà hàn ní gbogbo ìgbà: ẹ̀ẹ̀kan nínú 1,024 ni irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀. Àwọn ìyókù, ẹrù wọn kò dọ́gba, wọn ò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ yè.

Ẹ jẹ́ ká ya nǹkan méjì sọ́tọ̀ níbí, torí àwọn èèyàn máa ń pò wọ́n pọ̀. Àìní irúgbìn jẹ́ ọ̀kan. Pé èso wú, tó sì kún láìgba àtíkè, èkejì nìyẹn, jíìnì tirẹ̀ sì wà lọ́tọ̀. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá ní àkọ́kọ́ láìní èkejì, odi òfìfo ni à bá máa gé. Wọ́tà-mẹ́lọ̀n tí kò ní kóró, tí Kihara, onímọ̀ àbùdá ewéko, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Japan, ní krómósómù 33 bákan náà, àmọ́ kò ní èkejì yẹn: ẹni tó bá fẹ́ gbìn ín gbọ́dọ̀ gbin oníkóró díẹ̀ sáàárín rẹ̀, kí àtíkè lè jí èso náà dìde. Mo mọ ẹni tó ra irúgbìn rẹ̀ lówó gọbọi, tó gbìn ín níkan, tí kò rí nǹkan kan kó.

Nítorí náà, ẹ má wá oògùn àgàn fún ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọmọ ìdí rẹ̀ ni ìran rẹ̀, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ wà. Ẹ wa ọmọ láti ìdí tó ń so dáadáa, ẹ bó gbogbo gbòǹgbò àti ara rẹ̀ tó dúdú dànù títí á fi funfun, kí ẹ rì í bọ omi tó ń hó fún ìṣẹ́jú àáyá 30 péré. Aràn inú gbòǹgbò á kú, ọmọ ò ní kú. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àmọ́ ohun tí kì í bímọ kì í yí padà, ó sì lóró nígbà tí àrùn tuntun bá dé. Ní nǹkan bí ọdún 1980 sókè, àrùn ewé dúdú tí wọ́n ń pè ní Black Sigatoka tàn dé ọ̀dọ̀ wa, gbogbo àgbagbà ló sì bá lójú kan náà. Ní Onne, lẹ́bàá Port Harcourt, àwọn oníṣẹ́ IITA, ilé ìwádìí irè oko, bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtíkè ọ̀gẹ̀dẹ̀ igbó kan tó ń jẹ́ Calcutta 4 pa ẹnu abo (ibi tó ń gba àtíkè lórí ilé-ọmọ) ọ̀gẹ̀dẹ̀ lára. Kì í ṣe gbogbo irú ló gbà. Wọ́n rí díẹ̀, bíi Obino l'Ewai àti Bobby Tannap, tí ilé-ọmọ wọn ṣì ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Irúgbìn tó jáde kò tó nǹkan, ọ̀pọ̀ wọn ni kò sì lè hù fúnra rẹ̀. Ṣe ni wọ́n ń yọ ọlẹ̀ inú rẹ̀ síta, tí wọ́n ń fi oúnjẹ inú ìgò tọ́ ọ. Láti ibẹ̀ ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń kojú àrùn náà ti jáde. Nígbàkígbà tí mo bá rántí iye odi tí wọ́n tú palẹ̀ láti wá hóró kan, mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ìdánwò òwú mẹ́rin, fún obì àti kòkó

Èyí ló gba sùúrù jù, òun náà ló sì ń gba igi sílẹ̀ lọ́wọ́ àáké jù.

Òdòdó gbàǹja kò ní ewé òdòdó gidi. Apá márùn-ún funfun bí ọ̀rá, tí ìlà pupa wà nínú, lẹ ó rí. Méjì ló wà lórí igi kan. Èyí tó kéré jẹ́ akọ lásán. Èyí tó tóbi ní ilé-ọmọ ẹlẹ́ka márùn-ún láàárín, ẹnu abo ká bo orí rẹ̀. Orí akọ wà nísàlẹ̀ rẹ̀, àmọ́ kì í ṣiṣẹ́. Igi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tanná sábà máa ń yọ akọ nìkan fún sáà díẹ̀. Ẹ má ṣe dá a lẹ́jọ́ síbẹ̀.

Ẹ mú igi mẹ́ta, ó kéré tán. Ẹ pè wọ́n ní A, B, D. Lórí igi A, ẹ wá òdòdó ńlá tí yóò là lọ́jọ́ kejì, ogójì, kí ẹ pín in sí mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ fi àpò bébà bo ọgbọ̀n nínú wọn kí kòkòrò má baà dé ibẹ̀. Ní òwúrọ̀:

Mẹ́wàá àkọ́kọ́, ẹ já òdòdó akọ lára igi A fúnra rẹ̀, ẹ fi orí rẹ̀ pa ẹnu abo márààrún, ẹ so òwú pupa. Mẹ́wàá kejì, ẹ fi akọ igi B pa á, ẹ so òwú funfun. Ẹ̀kẹta, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ jẹ́ kó wà nínú àpò, ẹ so òwú dúdú. Ẹ̀kẹrin ni èyí tí ẹ kò bò rárá, tí kòkòrò lómìnira láti bà. Ẹ so òwú aró. Ẹ dá àpò padà sórí pupa àti funfun fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, kí ẹ tó tú gbogbo wọn. Ẹ ka èyí tó kù lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ méjì, àti oṣù kan. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ fi D dípò B. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé àtíkè A lọ sórí B àti D.

Bí ẹ ó ṣe kà á rèé. Bí dúdú bá so, àpò yín ń jò, ẹ tún un ṣe. Bí pupa bá já tán tí funfun dúró, igi A kì í ṣe àgàn, ó ń kọ ara rẹ̀ ni. Bí funfun dúró tí aró já, kòkòrò kò tó lóko yín. Bí funfun B já, tí funfun D dúró, ẹbí kan náà ni A àti B. Bí kò bá sí èyí tó dúró rárá, ilé-ọmọ A ló ní àléébù, ṣùgbọ́n ẹ wo bí àtíkè rẹ̀ ṣe ṣe lórí B àti D kí ẹ tó pinnu. Ó lè jẹ́ bàbá rere. Igi tí a gé ní Ṣàgámù, ohun tó jẹ́ nìyẹn.

Kí ló ń jẹ́ kí igi kọ ara rẹ̀? Bí ọmọ ìyá kì í ṣeé fẹ́ra lọ́dọ̀ wa, bẹ́ẹ̀ náà ni obì ṣe ní àmì ìdílé nínú jíìnì rẹ̀. Nígbà tí àmì àtíkè bá jọ ti ilé-ọmọ, igi á da òdòdó náà sílẹ̀. Èyí ń dáàbò bo ìran rẹ̀ lọ́wọ́ àléébù tó fara pamọ́. Nínú obì, kì í ṣe ara rẹ̀ nìkan ló ń kọ̀, ó tún ń kọ àwọn igi kan tó yí i ká, ìdí kan pàtàkì sì nìyẹn tí ọ̀pọ̀ igi fi ń so díẹ̀ nígbà tí díẹ̀ nínú wọn ń so fún gbogbo oko. Nínú kòkó, ìkọ̀sílẹ̀ náà máa ń pẹ́ jọjọ: àtíkè á hù, á rìn dé ọ̀dọ̀ ẹyin, ibẹ̀ gan-an ni ìdàpọ̀ á ti kùnà. Pound, onímọ̀ kòkó kan, ló kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ ní Trinidad lọ́dún 1932. Kòkó Amẹlọnádò tí àwọn bàbá wa kọ́kọ́ gbìn máa ń fẹ́ ara rẹ̀ láìsí wàhálà. Ọ̀pọ̀ nínú irú Ámásónì tí Posnette, onímọ̀ ewéko kan, mú láti Trinidad wá sí Tafo ní Gánà lọ́dún 1944, tó wá tàn dé ọ̀dọ̀ wa, kì í gbà. Àgbẹ̀ tó fi ọwọ́ àtijọ́ tọ́jú igi tuntun kò ṣẹ̀, kò sẹ́ni tó sọ fún un ni.

Ohun tí ẹ ó ṣe: ẹ má ṣe fi ẹ̀ka igi kan ṣoṣo gbin gbogbo oko obì, bó ti wù kí èso rẹ̀ dára tó, torí igi kan náà ni gbogbo wọn, wọn ò ní gba ara wọn. Ẹ da irú mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ìdánwò ti fi hàn pé wọ́n gba ara wọn pọ̀, kí ẹ fọ́n wọn ká. Níbi tí igi ti dàgbà, ẹ lọ́ ojú igi tó jẹ́ bàbá rere mọ́ ẹ̀ka tuntun lára àwọn tó wà nílẹ̀. Ẹ má fọ́n oògùn kòkòrò láàárọ̀ nígbà ìtànná. Fún kòkó, kòkòrò tó ń gbé àtíkè kéré bí kantíkantí, inú ohun tó ń rà lábẹ́ igi ló ti ń pamọ. Ẹ gé ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí wẹ́wẹ́, ẹ kó o sábẹ́ igi. Àwọn kan máa ń lo èèpo kòkó. Èmi fẹ́ràn ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀, torí èèpo kòkó lè gbé àrùn tó ń sọ èso di dúdú padà wá sábẹ́ igi.

Èso gbàǹja máa ń gba nǹkan bí oṣù mẹ́rin sí márùn-ún kó tó gbó, ìkórè ńlá sì máa ń bọ́ sí Ọ̀wàrà títí dé Ọ̀pẹ. Nítorí náà, oṣù Òkúdù sí Agẹmọ ni kí ẹ ti ní òwú àti àpò lọ́wọ́.

Ní Ṣàgámù, àáké kò pa igi náà tán. Kùkùté rẹ̀ yọ ẹ̀ka mẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi fẹ́ fi iná sí i, mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n gbà. A gé ojú láti ara ẹ̀ka náà, a lọ́ ọ mọ́ igi méjì níbi tí atẹ́gùn àárọ̀ ti ń kọ́kọ́ bà á, a fi ẹ̀ka kan sílẹ̀ kó dàgbà. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í tanná: akọ nìkan, kéékèèké, òórùn rẹ̀ kò dára, eṣinṣin sì kún ibẹ̀ láti àfẹ̀mọ́júmọ́.